Tẹlisíkóòpù dé ilé-ìwé wa, ṣùgbọ́n Sátọ́ọ̀nù kò ní òrùka

TíṣàÌwó · 22 oṣù kọkànlá 2025, 9:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Físíìsì ni mo ń kọ́ ní ilé-ìwé girama kan ní Ìwó. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan tó wà ní Kánádà ló fi tẹlisíkóòpù ránṣẹ́ sí wa. 70mm (fífẹ̀ ojú iwájú rẹ̀) àti 700mm (jíjìn láti ojú iwájú dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé) ni wọ́n kọ sí i lára. Lẹ́ńsì ojú méjì ló bá a wá, 20mm àti 4mm, pẹ̀lú ọ̀pá kúkúrú kan tí wọ́n pè ní Barlow 3x. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525.

A ti fi wo òṣùpá, ariwo àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Sátọ́ọ̀nù, pílánẹ́ẹ̀tì tí òrùka yí ká, ló dá wàhálà sílẹ̀. Áàpù júwe rẹ̀ fún wa, a kọjú ẹ̀rọ sí i, ohun tí a rí kò ju ẹyin kékeré aláwọ̀ ìyeyè lọ. Òrùka kankan kò sí níbẹ̀. Ọmọ kan ní, "Sà, ayédèrú ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa o."

Mo wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti wádìí, ìmọ̀ràn ibẹ̀ pọ̀ ju ìràwọ̀ lọ. Ará Amẹ́ríkà ni ẹlòmíràn ń kọ̀wé fún, ọjà ni ẹlòmíràn fẹ́ tà, ìdajì ohun tí Google sì gbé jáde jẹ́ ti àwọn tó ń fi oṣù tí wọ́n bí ènìyàn sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Òbí kan tilẹ̀ ti lọ bá ọ̀gá wa pé ìràwọ̀ ta ni Tíṣà ń wò lóru.

Ẹ jọ̀ọ́, sáìtì tàbí áàpù wo lẹ gbẹ́kẹ̀ lé? Ọ̀fẹ́ ni kó jẹ́, kó má jẹ dátà, kó sì bá ibi tí a wà mu.

Ará_Lẹ́kí · 10:05 alẹ́

Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò, Tíṣà. Ohun ìṣeré ọmọdé ni 70mm. Ẹ kó owó jọ, ẹ ra Dobsonian 8-inch, tẹlisíkóòpù ńlá onídígí, ẹ ó rí òrùka àríyanu.

BàbáOníràwọ̀ · 10:52 alẹ́

Ará Lẹ́kí, ẹ rọra. Bí ẹ bá gbé 8-inch yín síta lálẹ́ òní, ìlà tín-ínrín bí okùn aláǹtakùn ni ẹ ó rí, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i.

Tíṣà, kò sí ohun tó ṣe tẹlisíkóòpù yín. Sátọ́ọ̀nù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 26.7, ọdún 29 ààbọ̀ ló sì fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, nígbà mìíràn ó máa ń na òrùka rẹ̀ sí wa kí a rí i dáadáa, nígbà mìíràn ó máa ń kọ etí rẹ̀ sí wa. Nǹkan bí ọdún 13 sí 16 ló wà láàárín ìgbà tó bá kọ etí sí wa àti ìgbà tí yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún yìí ni ó bọ́ sí. Ní 23 oṣù kẹta, ayé gba àárín gbùngbùn etí yẹn kọjá, ṣùgbọ́n Sátọ́ọ̀nù wà nítòsí oòrùn nígbà náà, a kò lè wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló tún fẹ́rẹ̀ẹ́ padà síbẹ̀, ohun tó kù kò tó ìdajì dígírì kan. Òrùka náà fẹ̀ ju 270,000 kìlómítà lọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ṣùgbọ́n níbi tó pọ̀ jù níbẹ̀, nínípọn rẹ̀ kò ju mítà mélòó kan lọ. Ta ló lè rí ìyẹn láti ayé? Láti ọdún tó ń bọ̀ ni yóò ti máa ṣí padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ sọ fún ọmọ tó ní ayédèrú ni pé ó bá Galileo pé. Ní 1610 ọkùnrin náà rí ohun kan tó dà bí etí lára Sátọ́ọ̀nù, ní 1612 ó tún wò ó, etí ti pòórá. Ó yà á lẹ́nu gan-an.

Ti ìlọ́po 525: ẹ pín 700 sí ọ̀nà 20, ó di 35. Ẹ pín in sí ọ̀nà 4, ó di 175. Ẹ wá fi Barlow 3x sọ 175 di púpọ̀, ó di 525. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò wúlò. Ìlọ́po méjì fún mílímítà kọ̀ọ̀kan ti ojú ẹ̀rọ ni òpin ohun tó lè gbé, 140 nìyẹn fún tiyín. Ẹ fi Barlow náà pamọ́. Lẹ́ńsì 20mm ni kí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá rí 10mm rà, ìlọ́po 70 ni yóò fún yín, ìyẹn á tẹ́ yín lọ́rùn ju 4mm lọ.

Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni Stellarium ti orí kọ̀ǹpútà, tó ń ya ojú ọ̀run bó ṣe rí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó fi dátà gbà á, lẹ́yìn náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ tẹ F6, kí ẹ fi Ìwó sí i. F5 ni ti ọjọ́ àti aago. F3 ni ti wíwá nǹkan. Ẹ kọ Saturn síbẹ̀, kí ẹ fà á súnmọ́. Bó ṣe rí lálẹ́ òní gan-an ni yóò yà á, àwọn ọmọ á rí i pé ẹ̀rọ yín kò parọ́. Kí ẹ wá ti ọdún sí 2032, kí ẹ wo bí òrùka náà yóò ti ṣí.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta · 23 oṣù kọkànlá, 6:30 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wo ni Tíṣà yóò gbé jáde sínú pápá lóru, nígbà tí NEPA kò gbé iná wá? Sky Map orí fóònù ló rọrùn. Google ló kọ́kọ́ ṣe é ní 2009, wọ́n ti fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti 2012, kò sì nílò dátà. Ẹ gbé fóònù sókè, yóò sọ orúkọ ohun tó wà níwájú yín.

Èmi kò tilẹ̀ ní tẹlisíkóòpù. Bainókúlà 10x50 ni mò ń lò, lórí àkéte ní ẹ̀yìnkùlé. Tí ẹgbẹ́ ìràwọ̀ tó ń jẹ́ Orion bá ti gòkè díẹ̀, ẹ wo abẹ́ ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yẹn, ẹ ó rí ohun funfun kan bí èéfín. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde. Àwọn ìbejì mi mọ̀ ọ́n ju ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ.

Atúnfóònùṣe_Mọ́kọ́lá · 7:12 àárọ̀

Màmá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Fóònù olówó pọ́ọ́kú pọ̀ tí kò ní kọ́ńpáàsì nínú. Sky Map á ṣí, ṣùgbọ́n kò ní tẹ̀lé ọwọ́ yín, ẹ̀yin ni ẹ ó máa fi ìka fà á kiri. Ti èyí tó ní kọ́ńpáàsì náà, bí páálí ẹ̀yìn fóònù bá ní máágínẹ́ẹ̀tì, á máa tọ́ka sí Ìbàdàn nígbà tí Òṣogbo lẹ wà. Ẹ bọ́ páálí náà kúrò, ẹ yí fóònù nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń kọ 8, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi òṣùpá dán an wò, nítorí ibi tí òṣùpá wà kò ṣeé jiyàn lé lórí.

Ẹ yí ojú fóònù sí pupa náà, ó wà nínú áàpù yẹn. Iná funfun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ojú á tún nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn lára.

ỌmọỌ̀ṣun_Houston · 7:40 àárọ̀

Cloudy Nights, sáìtì ìjíròrò àwọn tó ń wo ìràwọ̀, ni kí ẹ lọ. Àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí kún ibẹ̀, ìbéèrè tí ẹnìkan kò tíì bi wọ́n rí kò pọ̀. Kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń fi Polaris, ìràwọ̀ àríwá, to tẹlisíkóòpù, ìyẹn ni ìpìlẹ̀.

BàbáOníràwọ̀ · 8:15 àárọ̀

Ọmọ mi, Cloudy Nights dára, mo máa ń ka ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Polaris kì í ṣe ìpìlẹ̀ fún ará Ìwó. Ní Houston, ó ga tó dígírì 30 lójú ọ̀run. Ní Ìwó, kò ju dígírì 7 àti ààbọ̀ lọ, ẹ̀yìn igi máńgòrò ni yóò wà, eruku á sì bò ó. Irú tẹlisíkóòpù tí wọ́n sọ yìí, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì ni wọ́n ń tì í sí. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú Polaris.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyí. Máàpù ojú ọ̀run tí wọ́n yà fún London tàbí New York kì í bá tiwa mu. Níbí, Betelgeuse, ìràwọ̀ pupa èjìká Orion, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àtàrí wa gan-an kọjá. Canopus tí wọn kì í rí rárá ní London, dígírì 30 ló ga níbí. Southern Cross, ẹgbẹ́ ìràwọ̀ ìhà gúúsù, náà ń yọ sí wa ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún.

Tíṣà, ẹ lọ sí SkyMaps.com, kí ẹ gba Evening Sky Map ti oṣù kọ̀ọ̀kan. Oríṣi mẹ́ta ni: ti àríwá, ti gúúsù, àti ti àárín ayé. Ti àárín ayé ni kí ẹ mú, tí wọ́n pè ní Equatorial. Ojú ìwé méjì péré, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Dátà kò sí nínú rẹ̀, bátìrì kò sí nínú rẹ̀.

ỌmọỌ̀ṣun_Houston · 8:31 àárọ̀

Ẹ ṣeun sà. Mo ti gbàgbé ibi tí wọ́n bí mi sí.

ỌmọÒkèÒgùn · 9:20 àárọ̀

Ẹ fi Àgùàlà (Venus) bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ tán lẹ ó rí i, kò gba áàpù kankan.

MàmáLíbírárì · 10:02 àárọ̀

Kì í ṣe àsìkò yìí. Àgùàlà ti wọ ẹ̀yìn oòrùn lọ, oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ ló máa wà ní òdìkejì oòrùn gan-an. Yóò tó nǹkan bí oṣù kẹta kó tó dúró dáadáa ní ìwọ̀ oòrùn nírọ̀lẹ́. Júpítà ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó ń yọ láti ìlà oòrùn ní nǹkan bí aago 10 alẹ́ báyìí, òun ló mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́ńsì 20mm náà á fi òṣùpá rẹ̀ mẹ́rin hàn, kí àwọn ọmọ yà wọ́n sínú ìwé lónìí, kí wọ́n tún yà wọ́n lọ́la, wọ́n á rí i pé wọ́n ti kúrò níbi tí wọ́n wà. In-The-Sky.org ni mo fi ń mọ ohun tó wà lókè lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ìlú yín síbẹ̀ kí ẹ tó ka ohunkóhun.

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n tún sọ nípa irọ́, nítorí àwọn òbí yóò máa fi í ránṣẹ́ sí yín. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti súnmọ́, wọ́n á gbé e kiri lórí WhatsApp pé Máàsì yóò tóbi tó òṣùpá. Láti 2003 ni. Lóòótọ́ ni Máàsì súnmọ́ wa ní 27 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 56 kìlómítà. Síbẹ̀, lójú lásán, ìràwọ̀ pupa kan ṣoṣo ni.

Ìkejì ni àwọn tó ń ta orúkọ ìràwọ̀. Àbúrò mi ní London sanwó, ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sọ ìràwọ̀ kan, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ góòlù. Ẹgbẹ́ IAU tó ń fọwọ́ sí orúkọ lágbàáyé kì í ta orúkọ. Ní 2019 wọ́n fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Nàìjíríà ni HD 43197: ìràwọ̀ náà ń jẹ́ Amadioha, pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jẹ́ Equiano. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ará Ìgbò ló mú orúkọ lọ o, àwa kò tètè jí.

Ti àwòrán, Astronomy Picture of the Day ti NASA. Láti 1995 ni wọ́n ti ń gbé àwòrán kan jáde lójoojúmọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yà á àti àlàyé rẹ̀. Bí àwòrán kan lórí Facebook kò bá ní orúkọ ẹni tó yà á, èmi kì í tún un pín.

TíṣàÌwó · 4:10 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi Stellarium hàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá wa, ọmọ tó ní ayédèrú ni ló ń ṣàlàyé fún àwọn tó kù báyìí.

Ìbéèrè kan: sáìtì Heavens-Above ní ISS, ilé ìwádìí tó ń yí ayé po lókè ọ̀run, yóò kọjá lánàá ní 18:20. A dúró, ọrùn ń dùn wá, a kò rí nǹkan kan. Ṣé sáìtì yẹn ṣeé gbọ́kàn lé?

Atúnfóònùṣe_Mọ́kọ́lá · 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣeé gbọ́kàn lé dáadáa. Ẹ wo igun òkè ojú ewé náà. Bí ó bá kọ Unspecified síbẹ̀, pẹ̀lú 0° àti 0°, àárín òkun ní gúúsù Ghana ló rò pé ẹ wà, nǹkan bí 960 kìlómítà sí Ìwó, aago UTC ló sì ń kà fún yín. Tiwa fi wákàtí kan ṣáájú ìyẹn. Ẹ tẹ Ìwó síbẹ̀, yóò tún aago àti ìhà tí yóò gbà ṣe.

Ẹ fiyè sí i pé kìkì ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni a máa ń rí i, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú fún wa tí oòrùn ṣì ń tàn sí i ní nǹkan bí 400 kìlómítà lókè. Kì í ṣẹ́jú bíi bàálù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, márùn-ún, ó ti lọ.

Ará_Lẹ́kí · 5:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi oòrùn náà hàn wọ́n lọ́sàn-án, ojú dúdú wà lára rẹ̀ dáadáa lọ́dún yìí. Fíìmù X-ray méjì lórí ara wọn tó. Ohun tí a lò nìyẹn ní 2006 nígbà tí oòrùn wọ̀ọ̀kùn, ẹlòmíràn tilẹ̀ wò ó nínú bàsíà omi.

BàbáOníràwọ̀ · 5:15 ìrọ̀lẹ́

RÁRÁ. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí.

Fíìmù X-ray ń dín ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí kù, ṣùgbọ́n ooru tí ojú kò rí ń gbà á kọjá. Ẹ̀yìn ojú kò ní ẹran tó ń mọ ìrora, ọmọ náà kò ní mọ̀ pé ojú òun ń jó. Omi inú bàsíà náà kò tó. Tí ẹnìkan bá sì fi tẹlisíkóòpù wo oòrùn láìsí fítà tó bo ẹnu iwájú rẹ̀ pátápátá, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Bí ẹ bá rí fítà kékeré kan nínú páálí tí wọ́n ní kí ẹ dè mọ́ lẹ́ńsì ojú, ẹ sọ ọ́ nù lónìí, ooru a máa là á sí méjì.

Ohun tí a ṣe ní 29 oṣù kẹta 2006 ni pé a lu ihò kékeré kan sí àárín páálí, a jẹ́ kí oòrùn gba ibẹ̀ kọjá sórí bébà funfun. Ẹ̀yìn ni ẹ ó kọ sí oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú wò ó, awò tó ní ISO 12312-2 lára ni, ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti rà á.

Ìṣíjibò òṣùpá kò ní ewu ní tirẹ̀. Ọ̀kan ń bọ̀ ní ìdájí 28 oṣù kẹjọ 2026, nǹkan bí aago 5:13 ni yóò pọ̀ jù, òṣùpá á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ òjìji tán. Ojú ewé eclipse ti timeanddate.com á sọ ti ìlú yín. Oṣù kẹjọ sì ni o, ẹ máa gbàdúrà sí ìkùukùu.

ỌmọÒkèÒgùn · 7:45 alẹ́

Bàbá ti sọ ti ìkùukùu. Ọyẹ́ ni àsìkò gidi, ìkùukùu kì í sí.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta · 8:02 alẹ́

Eruku ńkọ́? Nínú ọyẹ́ líle èmi kì í rí ìràwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rárá. Àsìkò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ojú ọ̀run mọ́ ni mo fẹ́ràn, àti irú àkókò yìí tí òjò ti lọ tí ọyẹ́ kò tíì le.

BàbáOníràwọ̀ · 8:20 alẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gba á. Eruku ń pa ìràwọ̀ tí kò mọ́lẹ̀, ó sì ń pa Milky Way, ìlà ìràwọ̀ funfun tó la ojú ọ̀run kọjá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń dákẹ́ lóru, Júpítà kì í gbọ̀n nínú rẹ̀. Ẹ lo ọyẹ́ fún òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àwọn ìyókù sílẹ̀. Ó yẹ kí Òkè-Ògùn tiẹ̀ máa yangàn, ẹ wo lightpollutionmap.info, ibẹ̀ dúdú ju Ìbàdàn lọ fíìfíì.

MàmáLíbírárì · 8:41 alẹ́

Fún oṣù òjò, Zooniverse. Àwòrán tí tẹlisíkóòpù ńlá yà ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, ìwọ ni yóò sọ irú èyí tó jẹ́. Galaxy Zoo ti wà láti 2007, ìdáhùn àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ sì ti wọ inú ìwádìí gidi. Ó ń jẹ dátà o, Tíṣà. Kí gbogbo kíláàsì pín kọ̀ǹpútà kan.

TíṣàÌwó · 24 oṣù kọkànlá, 1:30 ọ̀sán

Ọ̀gá wa ti gbà kí a ṣe alẹ́ ìràwọ̀ kan, ó ní kí n pe àwọn òbí wá pẹ̀lú, pàápàá èyí tó fi ẹjọ́ mi sùn. Ọjọ́ wo ló dára jù? Ta ló sì mọ ibi tí mo ti lè rí lẹ́ńsì 10mm yẹn?

BàbáOníràwọ̀ · 2:05 ọ̀sán

Sátidé 13 oṣù Kejìlá, mọ́jú ọjọ́ Àìkú. Alẹ́ Geminids ni, àwọn ìràwọ̀ tó ń já. Wọ́n ń wá láti ara eruku tí òkúta kan tó ń jẹ́ Phaethon fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Òṣùpá kò ní yọ títí di nǹkan bí aago 2 òru. Kí àwọn òbí gbé ẹní wá, kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ láti aago 10, tẹlisíkóòpù kò nílò rẹ̀. Sáìtì International Meteor Organization ní ìlànà bí ẹ ó ti kà wọ́n àti bí ẹ ó ti fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ọmọ kan máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Júpítà wà nínú tẹlisíkóòpù fún àwọn tí kò ní sùúrù.

ỌmọỌ̀ṣun_Houston · 3:18 ọ̀sán

Mo ní 10mm kan tí n kò lò mọ́. Àbúrò mi ń bọ̀ nílé fún Kérésì, ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 ló máa dé, ó súnmọ́ ọ. Ẹ fi rúlà wọn ihò tí lẹ́ńsì ń wọ̀ lára tẹlisíkóòpù yín kí n tó fi fún un. 31.7mm ni tèmi, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan ń lo 24.5mm.

TíṣàÌwó · 3:50 ọ̀sán

31 àti díẹ̀ ni. Mo ti fi nọ́ńbà mi sínú àpótí yín.